Káàdì Mẹ́sàn-án Tó Kù

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin inú yàrá wa kì í sùn láìkọ́kọ́ ta káàdì. Poker tí wọ́n ń pè ní limit hold'em ni, igi ìṣáná sì ni owó wa. Nínú irú èyí, èèyàn ò lè da gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Igi kọ̀ọ̀kan là ń fi lélẹ̀ ní ìpele méjì àkọ́kọ́, méjì méjì ní ìpele méjì tó kẹ́yìn.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni káàdì tí kò tíì pé. Ká ní ọkàn pupa méjì wà lọ́wọ́ rẹ, tí méjì mìíràn wà lára mẹ́ta tí a ṣí sílẹ̀. Ó ku ẹyọ kan kí márùn-ún pé. Ṣé kí o fi igi kún un ni, àbí kí o kàn san tẹ̀lé wọn? Ọ̀kan nínú wa ní, "Mi ò lè dáná ọbẹ̀ ẹran tí mi ò tíì rà."

La bá mú bírò. Ọkàn 13 ló wà nínú káàdì 52. A ti rí 4, ó ku 9 nínú 47 tí a kò rí. Nítorí pé káàdì méjì ló ṣì máa ṣí, yóò pé ní bí ìgbà 35 nínú 100. Bí àwa mẹ́rin bá fi igi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìpín rẹ nínú mẹ́rin náà jẹ́ 1.4, ẹyọ 1 péré lo sì san. Fi kún un! Ṣùgbọ́n bó bá ku ìwọ àti ẹnì kan, ìpín rẹ nínú igi méjì jẹ́ 0.7. Àdánù ni, àfi bí ẹ̀rù bá lè ba ẹnì kejì kó ju káàdì sílẹ̀. Bí káàdì kẹrin bá ṣí tí kò bọ́ sí i, 9 nínú 46 ló kù, kò tó ìgbà 20 nínú 100, owó sì ti di ìlọ́po méjì. Má fi kún un mọ́. San tẹ̀lé wọn bí ohun tó wà láàárín bá tó ìlọ́po márùn-ún ohun tí o fẹ́ san.

Ẹnì kan nínú wa dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Káàdì kẹrin yẹn gan-an ni mo máa ń fi owó kún jù." Owó gidi ló ń sọ, lórí fóònù rẹ̀. Owó oúnjẹ oṣù méjì ti lọ. Àwa rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà.

Ó wá bi wá pé: "Mo ti mọ ìṣirò ọ̀hún báyìí. Ṣé kí n padà lọ gba owó mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ìṣirò náà péye, ṣùgbọ́n ìgbà 65 nínú 100 ni káàdì yẹn kì í pé. Ẹni tó fi owó gààrì ta tẹ́tẹ́ ò lè dúró de ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù níṣojú wa. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò kan ṣoṣo là ń gbé kaná ní yàrá wa. A ṣì ń ta káàdì. Òun ló ń jẹ wá jù báyìí, igi ìṣáná rẹ̀ ti kún páálí mẹ́ta.