Ilé Bàbá Wa ní Pópó Àgùdà

 

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá. Ṣé ẹ mọ àwọn ilé olókúta tó tò ní Ramsbottom, níbi tí ọkọ̀ ojú irin eléèéfín máa ń dúró? Láti 1967 ni òfin ti fún àwọn káńsù lágbára láti ya irú àdúgbò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé níbẹ̀ tàbí kọ́ tuntun, á kọ́kọ́ gba àṣẹ, wọ́n á sì wò ó bóyá tuntun náà bá àwọn tó kù mu. Ó máa ń sú èèyàn o! Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè wo Holcombe: ilé gogoro tí wọ́n fi ṣèrántí Robert Peel, ọmọ Bury tó di olórí ìjọba, ti wà níbẹ̀ láti 1852.

Ní 1855, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ìdílé Fernandez kọ́ ilé Àgùdà kan sí Tinúubú l'Ékòó. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ó sì di Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ohun tó kàn mí níbẹ̀ ni pé ilé bàbá wa kò jìnnà sí ibẹ̀. Kì í ṣe ilé olókìkí. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán ilé tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù: alájà mẹ́rin, gíláàsì yíká, bí ilé báǹkì. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, kí n sì dáwó.

Ilé àtijọ́ yẹn, ògiri rẹ̀ nípọn, àjà rẹ̀ ga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ kọjá. Bí iná bá lọ, èèyàn á ṣì rí oorun sùn. Nínú gíláàsì yẹn ńkọ́, láìsí jẹnẹrétọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi kò burú o. Òrùlé ń jò, ọmọ-ọmọ ti kún ilé, ilẹ̀ sì wọ́n l'Ékòó. Ẹni tó ń gbé Bury kò lè fi ẹnu lásán dá ilé tí kò sùn nínú rẹ̀ dúró. Ìyẹn ni mo fi ní n ó san owó òrùlé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi iwájú ilé sílẹ̀, pẹ̀lú òdòdó sìmẹ́ǹtì tó wà lórí fèrèsé, kí a kọ́ alájà sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ilé ìdáná wà.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, àtúnṣe ń náni ju tuntun lọ. Ṣé ìwọ lo máa wá máa kùn ún lọ́dọọdún?"

Mi ò tíì rí èsì fún wọn. Bíríkìlà kan máa lọ wo ògiri náà ní Sátidé, kí a tó tún sọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin, tí kò dé Èkó rí, ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo fèrèsé rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.