Ẹni Tí Yóò Mọ̀ Pé N Kò Wá

Láti Ọ̀yọ́, níbi tí kàtídírà Ìjọ Àgùdà wà, ọ̀nà gba inú ọ̀dàn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọdún 1963 ni Ọ̀yọ́ di dáyósíìsì. Abẹ́ rẹ̀ ni Òkè-Ògùn wà. Ìyá mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́ ni mo fẹ́ mú lọ sí Èkó.

Ní Sátidé, ìró òfì kò tíì dákẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi náà gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn Míísà ọjọ́ Àìkú, fádà gbé Ara Olúwa wá bá a nílé. Nírọ̀lẹ́, àwọn ará Lẹ́jọ̀nì Màríà dé. Ní Dublin ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1921. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe àbẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan gbàdúrà, èkejì pọnmi kún ìkòkò.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Ọmọ mi, bí n kò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó, ta ni yóò mọ̀?”

N kò rí èsì fọ̀. N kò mọ orúkọ ẹni tí ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi nìkan ni mo padà; ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni pé mo bi í.