Ẹsẹ̀ Danilo

Nígbà tí àwọn ará yàrá mi bá ń jà lórí Arsenal àti Chelsea, Chapecoense ni èmi máa ń dárúkọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Chapecó ní Brazil ni, ìlú aládìyẹ. Ní 2009, ìpele kẹrin ni wọ́n wà. Nígbà tó fi máa di 2014, wọ́n ti dé ìpele kìíní.

Ní oṣù Kọkànlá 2016, eré fẹ́ parí nígbà tí Danilo, aṣọ́lé wọn, fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù San Lorenzo dànù. Bí wọ́n ṣe dé àṣekágbá Copa Sudamericana nìyẹn. Bàálù tó ń gbé wọn lọ já ní Colombia. Èèyàn 71 ló kú, Danilo náà wà nínú wọn.

Atlético Nacional tí wọn ìbá bá gbá ní kí wọ́n gbé ife fún wọn, wọ́n sì gbé e fún wọn. Mo ṣì máa ń wo fídíò ẹsẹ̀ yẹn. Ká ní bọ́ọ̀lù náà wọlé ni, ilé ni wọn ìbá wà lálẹ́ ọjọ́ náà.