Ẹrù tí A Wọ̀ bí Aṣọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oòrùn ti ń fà sẹ́yìn lórí ọ̀sà, ni arìnrìn-àjò kan tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìpadàlọ rẹ̀ sì ku ọ̀túnla, wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí í ṣe télọ̀ ní Ìkòròdú, tí ó gbé kóòtù dúdú bàǹtà-banta kan kọ́ apá.

ARÁ-ILÉ: Àkànní, ọmọ bàbá mi, káàbọ̀. Kí ni mo rí lọ́wọ́ rẹ yìí? Nínú ooru Ìkòròdú yìí, ta ni ó sọ fún ọ pé òtútù ń bọ̀?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rírán rẹ̀ kan ni ó já, ni mo fi gbé e wá. N kò rà á nítorí òtútù, nítorí ẹrù ni. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ wò ó: àpò ní àyà, àpò ní ìhà méjèèjì, èyí tí ó wà lẹ́yìn yìí sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ṣòkòtò mẹ́ta tí a ká jọ lè sùn sí i. Ẹ mọ̀ pé àpótí ni àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ń gbé lé òṣùwọ̀n, kílò 23 ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ṣe ààlà àpótí kan, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹja gbígbẹ bá mú un rékọjá ibẹ̀, owó ẹ́kísẹ̀sì tí ènìyàn yóò san lè ju owó tí ó fi ra ẹja náà lọ; ṣùgbọ́n ènìyàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ń kọjá lọ ní tirẹ̀ ni.

ARÁ-ILÉ: Ìwọ tí o wọ bàálù wá láti Lọ́ńdọ̀nù, o tún ń ṣọ́ kílò ẹja! A kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹran erin náà, gbèsè ni mo fi rà á.

ARÁ-ILÉ: (Ó rẹ́rìn-ín, ó yí inú kóòtù síta, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀.) Ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí mi. Àpò àyà agbádá bàbá wa ńkọ́, èyí tí obì, owó àti ìwé ilẹ̀ máa ń jọ gbé pọ̀ sí? Àwọn ọdẹ tí wọ́n ń wọ gbérí wọ inú igbó, ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń di oògùn wọn mú ni? Ìyá wa ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ó ń ná ọjà Ẹ̀pẹ́, abẹ́ ìró méjì ni ó ń de àpò owó rẹ̀ mọ́ ìdí, olè tí yóò bá já a gbà yóò kọ́kọ́ bá òun alára wọ ìjàkadì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Owó ni ó kọ́ àwọn òyìnbó ní tiwọn. Láyé ọjọ́un, inú owó ọkọ̀ ni owó àpótí wà. Ní 2006, ọlọ́kọ̀ òfurufú Ryanair ti ilẹ̀ Ireland bẹ̀rẹ̀ sí gba owó àpótí lọ́tọ̀. Nígbà tí epo sì wọ́n gógó ní 2008, American Airlines ní kí ẹni tí ó bá gbé àpótí kan ṣoṣo máa san dọ́là 15, ni àwọn yòókù bá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ọmọ Ireland kan tí ń jẹ́ John Power fi ṣe kóòtù alápò tí ó pè ní Jaktogo, èyí tí a lè ká pọ̀ kí ó di àpò ìfàlọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, Scott Jordan ti ń ta aṣọ alápò tirẹ̀, Scottevest, ṣáájú rẹ̀. Ní 2011, ìwé ìròyìn inú ọkọ̀ òfurufú Delta kọ̀ láti tẹ ìpolówó ọjà rẹ̀, Jordan sì ní owó ẹrù ni wọ́n ń ṣọ́.

ARÁ-ILÉ: Ta ni kì í ṣọ́ owó rẹ̀? Ooru rẹ̀ ni mò ń bi ọ́.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ooru náà kì í ṣe eré. Ní 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan wọ aṣọ 12 lé ara wọn kí ó má baà sanwó ẹrù láti Stansted lọ sí Glasgow. Inú ọkọ̀ ni ó dákú sí. Ní oṣù kìn-ín-ní 2018, ẹlòmíràn wọ ṣòkòtò 8 àti ṣẹ́ẹ̀tì 10 ní Keflavik, ní ilẹ̀ Iceland, wọn kò gbà á sínú ọkọ̀, àwọn ọlọ́pàá sì mú un lọ. Èmi náà, níjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ èyí ní Ìkẹjà, òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Nígbà tí mo bọ́ ọ, tí ó ń kọjá nínú ẹ̀rọ tí ń wo inú ẹrù, ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní, “Bọ̀dá, ẹja mélòó ni ó wà nínú aṣọ yín?”

ARÁ-ILÉ: Níbi tí ó ti já nìyí, ní èjìká òsì. Àyà ni o kó ẹja náà sí, àbí? Gbogbo ìwúwo rọ̀ mọ́ òwú tín-ín-rín yìí, ó sì ń fà ọ́ síwájú bí ewúrẹ́ tí a so lókùn. Ìbàdí ni ó yẹ kí nǹkan wúwo wà, kí ìgbànú lè bá èjìká gbé e. Èmi yóò fi òwú ìlọ́po méjì rán an, n óò sì sọ àpò méjì tuntun sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù ta ni, Àkànní?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀yin náà mọ̀. Àárọ̀ yìí ni mo gba Ìmọ̀tà àti Ìtóìkín lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹran kò gbọdọ̀ wọ ìlú òyìnbó láti ọ̀dọ̀ wa, ẹja ni wọ́n ṣì fi sílẹ̀ fún wa. Ẹja tèmi kò tó kílò mẹ́ta. Ti àwọn ará àdúgbò ni ìyókù: ẹni tí ó ní kí n bá òun fún ọmọ òun, ẹni tí ó ní gaàrí díẹ̀ báyìí ni, ẹni tí kò tilẹ̀ béèrè, tí ó kàn gbé ẹrù rẹ̀ síwájú ilé tí ó bá tirẹ̀ lọ.

ARÁ-ILÉ: Nígbà tí òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wọn wá sí Ẹ̀pẹ́, kò sí ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n dúró dè wọ́n ní èbúté.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òṣùwọ̀n náà ní oore tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, n kò sì mọ oore náà títí tí mo fi ra kóòtù yìí. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan bá gbé igbá gaàrí dé, n óò ní, “Ẹ má bínú, mo ti pé kílò 23,” olúwarẹ̀ yóò sì bá àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú bínú, kò ní í bá mi bínú. Òṣùwọ̀n ni ó ń bá mi kọ ohun tí ẹnu èmi kò lè kọ̀ fún àgbà. Ní báyìí tí gbogbo àdúgbò ti rí kóòtù yìí, kí ni mo fẹ́ wí?

ARÁ-ILÉ: (Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fa tépù kúrò lọ́rùn, ó wọn ìbàdí kóòtù náà, ó sì wọ́ páálí kékeré kan jáde lábẹ́ maṣíìnì rẹ̀.) Ọ̀bọ̀kún gbígbẹ ni. Ti ọmọ mi tí ó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni. Dìde kí n wò ó bóyá yóò gba apá ọ̀tún.