Láti Ìdí Òdòdó dé Ìdí Aró: Ìrìnàjò Mi ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Àwọn àgbà tí wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ kò parọ́ rárá, nítorí èmi tí wọ́n bí sí agbo ilé aláró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, èmi ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí mo la ojú sáyé tí mo bá òórùn ẹ̀lú lára aṣọ ìyá mi, tí mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè fi ewé, okùn àti omi eérú ṣe, ojú mi ti rí i tán, èmi kan náà ni mo dé ilẹ̀ Jàpáànù tí mo jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ẹ̀ka igi mẹ́ta péré, tí ẹ̀ka mẹ́ta náà sì gba odidi òwúrọ̀ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ òdòdó títò, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní ikebana, ló gbé mi lọ. Ìyá kan tí wọ́n bá ọkọ wọn wá ṣiṣẹ́ ní Èkó láti Jàpáànù ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn wá, àwa obìnrin mélòó kan ládùúgbò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n á ní kí oníkálukú já ohun tó bá rí nínú ọgbà rẹ̀ wá, ìbáà ṣe pèrègún, ìbáà ṣe imọ̀ ọ̀pẹ, ìbáà ṣe ẹ̀ka ọsàn tó gún ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ wọn parí, tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n rọ̀ mí pé bí Ọlọ́run bá pèsè owó ọkọ̀ òfurufú, kí n má ṣe kú láìdé Kyoto. Ọlọ́run pèsè, mo sì lọ ní oṣù Belú, nígbà tí ewé igi ibẹ̀ ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ kí ó tó wọ́ sílẹ̀.

Kyoto ni olú-ìlú Jàpáànù láti ọdún 794 títí di 1868, àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń pè ní Rokkaku-dō wà, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga yí i ká débi pé àlejò lè rìn kọjá lẹ́ẹ̀mejì kó má rí i. Igun mẹ́fà ni ilé náà ní. Igi wílò kan wà níwájú rẹ̀ tí ẹ̀ka rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbálẹ̀. Òkúta kan sì wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìdodo Kyoto. Ìtàn wọn sọ pé Ọmọ-ọba Shōtoku ló tẹ tẹ́ḿpìlì náà dó, àti pé Ono no Imoko, ìjòyè tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 7, ni ó di àlùfáà níbẹ̀, tí ó ń gbé òdòdó síwájú Búdà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀bá adágún omi kan ni àwọn àlùfáà náà ń gbé, ibẹ̀ ni ìdílé wọn sì ti gba orúkọ Ikenobō tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní. Àlùfáà mìíràn kọ ọ́ sínú ìwé ọjọ́ọjọ́ rẹ̀ ní 1462 pé Ikenobō Senkei to ẹ̀ka lóríṣiríṣi sínú ìkòkò wúrà nílé jagunjagun kan, àwọn ará Kyoto sì ń dù láti lọ wò ó. Ẹni tó wà lórí oyè ilé náà báyìí ni wọ́n ń kà sí ẹnì 45 tí yóò jẹ ẹ́, ẹni tí wọ́n sì ti yàn láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ obìnrin. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo dúró lábẹ́ wílò náà, mo ń ro iye ọwọ́ tí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ gbà kọjá láìjábọ́ kó tó lè pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Inú ilé gíga tó kángun sí tẹ́ḿpìlì náà ni a ti kẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Sensei gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, jẹ́ ìyá àgbà tí irun wọn ti funfun, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn wọn ṣì nà ṣánṣán. Bí wọ́n bá wọlé, gbogbo wa a dìde, a ó tẹrí ba, èyí kò sì ṣòro fún ọmọ Yorùbá tó ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà láti kékeré. Ohun èlò wa kò pọ̀: àlùmọ́gàjí kan tí irin rẹ̀ nípọn, abọ́ omi, àwo òdòdó, àti kenzan, èyí tí í ṣe irin pẹlẹbẹ tó wúwo, tí abẹ́rẹ́ dúró gangan lórí rẹ̀, tí a ń ki ìdí ẹ̀ka mọ́ kó má bàa ṣubú. Ohun àkọ́kọ́ tí Sensei ṣe ni pé wọ́n ti ìdí òdòdó bọ inú omi, wọ́n sì gé e lábẹ́ omi níbẹ̀, nítorí pé èyí tí a bá gé ní gbangba yóò fa atẹ́gùn sínú, atẹ́gùn náà yóò dí ọ̀nà omi, òdòdó yóò sì rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Irú èyí tí a kọ́ ni wọ́n ń pè ní shōka. Ìlà mẹ́ta ló ní: shin ló ga jù; soe tẹ̀ lé e, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ti shin; tai ló rẹlẹ̀ jù, ó sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ènìyàn, ọ̀run àti ilẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún. Òfin rẹ̀ tó le jù lójú mi ni pé bó ti wù kí ẹ̀ka tàn kálẹ̀ tó lókè, ìdí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ yọ láti inú omi ní ojú kan, kó dà bí ẹni pé igi kan ṣoṣo ló hù níbẹ̀. Sensei mú ẹ̀ka páìnì kan, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá ojú tí ó kọ sí oòrùn nígbà tó wà lórí igi, wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìdá a, títí ó fi gba ọ̀nà tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n já sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó, pípọ̀ òdòdó ni iyì rẹ̀, n kò sì ní bú u láé, nítorí ayọ̀ agbo ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé àyè tó ṣófo láàrin ẹ̀ka kan sí èkejì jẹ́ ara iṣẹ́ náà, àti pé òdòdó kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní kiku, tí wọ́n fi síbẹ̀, ojú kò lè fò ó.

Ewé kan wà lára tèmi tí kòkòrò ti jẹ létí. Mo béèrè bóyá kí n já a, Sensei sì ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ní ọ̀rúndún 16, bàbá ńlá ilé náà kan, Ikenobō Sen'ō, kọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi yé wọn pé kì í ṣe èyí tó tanná rekete nìkan ló lẹ́wà, pé ẹ̀ka gbígbẹ náà ní ògo tirẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ìyá mi ní àdìrẹ kan tó ti gbó títí aró rẹ̀ fi di àwọ̀ ojú sánmà, kò sì sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò aró tí wọ́n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Mo ráyè wo àfihàn ńlá tí ilé Ikenobō máa ń ṣe ní oṣù Belú lọ́dọọdún, mo sì rí rikka, àtòpọ̀ àtijọ́ tó ga tó ọmọdé, tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ òkè, odò àti igbó nínú ìkòkò kan. Àwọn ilé mìíràn náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Jàpáànù. Ohara Unshin ló mú moribana jáde ní apá ìparí ọ̀rúndún 19, tí ó fi àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò ìkòkò gíga, tí ó sì gba òdòdó ilẹ̀ òkèèrè láyè. Teshigahara Sōfū dá ilé Sōgetsu sílẹ̀ ní 1927, ó sì fi irin àti igi gbígbẹ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Shōka àtijọ́ ni ọkàn mi fà sí jù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo yìn jù lọ lọ́dọ̀ gbogbo wọn ni pé wọn kò fi ìmọ̀ náà há àpótí. Ọwọ́ ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nígbà tí ayé Ọba Meiji dé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì parí, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ellen Gordon Allen, tó kọ́ ọ ní Jàpáànù, dá ẹgbẹ́ Ikebana International sílẹ̀ ní Tokyo ní 1956, kí àwọn àjèjì lè máa kọ́ ọ kí wọ́n sì fi máa bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí irú ọ̀làwọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ìbá gbọ́ nípa rẹ̀ ní Èkó?

Láti Kyoto mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Nagoya, mo sì wọ òmíràn láti ibẹ̀ dé Arimatsu, ibi tí ọmọ aláró kò gbọdọ̀ má dé. Ní 1608 ni ìdílé mẹ́jọ ṣí wá tẹ ibẹ̀ dó lẹ́bàá Tōkaidō, òpópónà ńlá tó so Kyoto mọ́ ìlú tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí. Ilẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gba oko. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ààfin olódi ní Nagoya, Takeda Shōkurō, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ ìlú dó, rí aṣọ dídì tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti agbègbè Bungo wọ̀, ó fara balẹ̀ wò ó, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ, ó ń rẹ ẹ́ láró, ó ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Títí di òní, ilé àtijọ́ ṣì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, aṣọ aláró sì ń fì lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Àdìrẹ oníko ni. Àwọn ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, wọ́n kọ́ ojú aṣọ mọ́ ìkọ́ irin tín-ínrín, wọ́n ń yí òwú mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó bá sì jáde nínú aró tán, tí wọ́n tú u, àwòrán tó yọ jọ ilé aláǹtakùn, aláǹtakùn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Irú ìdì mìíràn kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kìmónò kan ṣoṣo sì lè gba ìdì tó lé ní 100,000. Aró wọn àti tiwa kì í ṣe ewé kan náà: ewé tiwọn ni wọ́n ń kó jọ ní agbègbè Tokushima, tí wọ́n ń bu omi wọ́n, tí wọ́n sì ń dà á síwá sẹ́yìn fún nǹkan bí 100 ọjọ́ títí yóò fi jẹra di ohun dúdú tí wọ́n ń pè ní sukumo; àwa ń gún ẹ̀lú ní odó, a ń mọ ọ́n ní ìṣù, a ń sá a. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìdí omi eérú, ọ̀nà pàdé. Àwọn aláró wọn ní Aizen Myō-ō tí wọ́n ń bọ, bí àwọn ìyá ìyá tiwa ṣe ń ké pe Ìyá Màpó kí wọ́n tó ṣí ìkòkò.

Ohun kan ló dùn mí níbẹ̀. Àṣà Arimatsu láti ìgbà pípẹ́ ni pé ẹnì kan, irú ìdì kan: ohun tí ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni ọmọ yóò fi ayé rẹ̀ dì, kò ní nà kọjá rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọwọ́ wọn yá, kí iṣẹ́ wọn sì gún régé lọ́nà tí n kò tíì rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìdì tó ti jáde ní ìlú náà lé ní 100, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ṣì ní ọwọ́ tó lè dì wọ́n lónìí. Bí ọlọ́wọ́ kan bá ti sùn tí kò jí, tirẹ̀ bá a wọ ilẹ̀. Kò yàtọ̀ sí tiwa. Ìyá àgbà kan wà ní agbo ilé wa tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà kan sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọnà tí ẹlòmíràn kò mọ̀, àwa ọmọ ilé sì ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́ lọ sí ilé ìwé láìdúró béèrè.

Mo ti di ikó àti aṣọ funfun mọ́ ẹrù mi láti ilé, nítorí kò yẹ kí ẹni tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Mo tú u síwájú ìyá tó dàgbà jù nínú wọn, mo sì jókòó di oṣùbàǹbà níṣojú wọn, oṣù ńlá láàrin, oṣù kéékèèké yí i ká. Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n wọ awò, wọ́n tú ìdì kan láti wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n tún un dì, ó sì le ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí ògbufọ̀ bi mí ìdí tí a kò fi lo òwú. Mo dáhùn pé ikó fẹ̀ ní ojú, pé ibi tí ó bá bò mọ́lẹ̀ yóò funfun gbòòrò, àti pé bó ti wù kí aró pẹ́ lára rẹ̀ tó kì í já. Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọbìnrin kan tó ti ìlú mìíràn wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí kì í ṣe ọmọ inú wọn, wọ́n gbé aṣọ náà lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè rí i. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ni ìyá náà ń fi ìkọ́ irin wọn kọ́ mi ní ìdì aláǹtakùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin náà ti di oṣù kékeré mẹ́rin yí ti ńlá ká, ó sì ń béèrè bóyá ikó ṣeé fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Mo ní ó ṣeé ṣe, mo sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé mi.