Kí Ni Ẹṣin Ojúde Ọba Ń Jẹ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba tàn ká gbogbo ayé. Aṣọ rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ẹṣin yẹn ńkọ́? Kí ló jẹ kó tó jáde? Èmi máa ń bèèrè, torí pé wọ́n ń sin ẹṣin ní agbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì máa ń ran Màálàm tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ ní gbogbo Sátidé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé tí ẹṣin bá máa jó, kí wọ́n ṣáà rọ àgbàdo fún un kó lè lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Koríko ni oúnjẹ ẹṣin. Ẹṣin tó bá wọn 300 kílò máa ń jẹ tó kílò 5 sí 6 koríko gbígbẹ lójúmọ́. A kì í kó o fún un lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ikùn ẹṣin kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó. Díẹ̀ díẹ̀ ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Màálàm tún máa ń po ewé ẹ̀pà gbígbẹ mọ́ ọn. Ewé yìí ló ní prótíìnì tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì Báyọ́lọ́jì, tó ń jẹ́ kí iṣan ara le.

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí wọ́n ń gùn ún lójoojúmọ́, ìgbà yẹn ni ọkà bàbà àti eèrí rẹ̀ máa ń wọlé. Agolo kan la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa fi kún un díẹ̀ díẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Tí ọkà bá ju kílò 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, ewu dé. Èyí tí ikùn ò bá lè gbà á ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, á kan níbẹ̀, gáàsì á sì kún inú. Ẹ sì gbọ́ o, ẹṣin kì í bì. Ajá tó bá jẹ àpọ̀jẹ lè bì í dànù. Ti ẹṣin ò rí bẹ́ẹ̀, inú rírun lè pa á.

Omi ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan lè má tó o lójúmọ́, pàápàá tí oòrùn bá mú. Iyọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí pé ẹṣin máa ń làágùn gan-an.

Ojú mi ló ṣe lọ́dún tó kọjá. Ọ̀la ni Ojúde Ọba, ni àwọn àlejò kan bá wá wo ẹṣin wa. Wọ́n ń fún un ní búrẹ́dì, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹnìkan tún gbé odindi ọpọ́n àgbàdo gbígbẹ síwájú rẹ̀ nígbà tí Màálàm lọ kírun. Nígbà tó di alẹ́, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde, òógùn bò ó.

Màálàm ní, "Bàbá, inú ń run ún. Ẹ jẹ́ ká kó oúnjẹ kúrò níbẹ̀, ká pe dókítà."

Bàbá àgbà bi í pé, "Ṣé á yè?"

"Ọlọ́run ló mọ̀, Bàbá."

Dókítà ẹran dé, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì ki rọ́bà gba ihò imú rẹ̀ dé ikùn. Ìdájí ni ó tó yàgbẹ́. Ẹṣin yè, ṣùgbọ́n kò lè jáde. Bùọ̀dá mi tó ti dáṣọ sílẹ̀ láti gùn ún fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé àwọn ẹbí dé ààfin.

Iléyá tún ń bọ̀. Tí ẹ bá wá wo ẹṣin, ẹ wò ó, ẹ ya fọ́tò yín. Tó bá wù yín láti fún un ní nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Búrẹ́dì tí ẹ fẹ́ jù sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ fúnra yín.