Ilé Iná Tí Wọ́n Ṣí Kúrò Lórí Àpáta

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti ṣí ilé àtijọ́ nípò, a ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ojúbọ tàbí ààfin, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé wà lára iyì wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ilé iná ojú òkun, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà lóru, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ ọ ni olórí ohun tó yẹ ká dá sí. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju pé ká gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ jẹ́ ká gbé e. Ẹ̀rí mi ni Eddystone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láàárín òkun ni àpáta Eddystone wà, bíi máìlì 14 sí ìlú Plymouth. Henry Winstanley ló kọ́kọ́ tan iná síbẹ̀ ní 1698. Ní November 1703, ìjì ńlá kan gbé ilé náà lọ, ó sì gbé Winstanley fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú, torí inú ilé náà ló sùn lóru ọjọ́ yẹn. Èyí tí John Rudyerd fi igi kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jóná ní 1755. Nígbà tó wá kan John Smeaton, ó ní òkúta ni òun yóò lò. Ó wo igi óákù, bí ìdí rẹ̀ ti fẹ̀ tí òkè rẹ̀ sì tín-ín-rín, ó kọ́ ilé náà bẹ́ẹ̀. Kò kàn gbé òkúta léra bí a ti ń to búlọ́ọ̀kù. Ó gbẹ́ eteetí wọn kí ọ̀kan lè há sínú èkejì, bí káfíńtà ti í há igun àpótí mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ìgbì tó bá fẹ́ fa òkúta kan yọ ní láti fa àwọn tó yí i ká yọ pẹ̀lú. Ó dán oríṣiríṣi òkúta ẹfun wò, ó sì rí i pé èyí tí amọ̀ wà nínú rẹ̀ ló ń le lábẹ́ omi lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún. Àwọn tó wá lẹ́yìn tẹ̀ lé ìwádìí yìí títí Joseph Aspdin fi gba ìwé ẹ̀tọ́ sìmẹ́ǹtì tirẹ̀ ní 1824, tó sọ ọ́ ní Portland, orúkọ òkúta tí Smeaton náà tò sínú ilé iná rẹ̀. Ẹ wo ara àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ ó rí orúkọ náà níbẹ̀ dòní.

Ní October 1759 ni wọ́n tan àbẹ́là 24 sínú ilé Smeaton. Ó lé ní ọgọ́fà ọdún tó fi ṣiṣẹ́, ilé ò sì yẹ̀. Àpáta abẹ́ rẹ̀ ni omi ń jẹ, tí ilé fi ń mì bí ìgbì bá lù ú. James Douglass kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó parí ní 1882. Àwọn ará Plymouth ò jẹ́ kí ti àtijọ́ ṣègbé: wọ́n dáwó, wọ́n tú apá òkè rẹ̀ ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún un tò sórí ilẹ̀ gíga tí wọ́n ń pè ní Hoe.

Ẹnìkan lè ní ilé iná tí kò tọ́ ọkọ̀ kankan sọ́nà mọ́ ti di òkúta lásán, pàápàá nígbà tí sátẹ́láìtì ti ń júwe ọ̀nà fún atukọ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù, mi ò sì sọ pé gbogbo ilé iná tó wà láyé ló tó náwó lé lórí. Àmọ́ èyí tó kọ́ ayé ní ohun tuntun kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n kàn kọ́ tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn á ní ìwé tí Smeaton kọ nípa iṣẹ́ náà ní 1791 ti tó. Ìwé náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn wá bí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ti fún tó, tàbí bí yàrá tí àwọn olùtọ́jú iná ń gbé ti kéré tó. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ilé á fọ́ bí wọ́n bá ṣí i náà wà. Wọ́n sọ ọ́ nípa Cape Hatteras ní Amẹ́ríkà, ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ ní 1870, nígbà tí òkun ti jẹ ilẹ̀ dé tòsí rẹ̀. Ní 1999, wọ́n gbé e ní odindi rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,900, láàárín ọjọ́ 23. Kò fọ́.

Ìdí ilé Smeaton ṣì wà lórí àpáta Eddystone, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Douglass, òkun sì ń lù ú dòní.